Fáìlì tí a ti tún ṣe ń padà sí ti àná: DFSR láàárín sáfà Pánsẹ́kẹ́ àti ti Lafẹ́nwá

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì wa méjèèjì níbí ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ilé-iṣẹ́ tó ń yàwòrán ilé ni. Sáfà (server, kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fáìlì fún gbogbo òṣìṣẹ́) kan wà ní Pánsẹ́kẹ́, èkejì wà ní Lafẹ́nwá. Windows Server 2019 ni méjèèjì, inú domain (ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀) kan náà ni wọ́n wà, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló sì so wọ́n pọ̀. Fódà D:\Ise ni DFSR (iṣẹ́ Windows tó ń mú kí fáìlì sáfà kan bá ti èkejì mu) ń dà kọ lọ dà kọ bọ̀: àwòrán AutoCAD, ìwé Excel tí a fi ń ṣírò ohun èlò ilé, àti lẹ́tà Word. Gbogbo rẹ̀ tó 380 GB. Ojú ọ̀nà \\ile.local\Ofiisi\Ise ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, sáfà méjèèjì ló sì wà ní títàn nínú Namespace (ètò tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn darí òṣìṣẹ́ sí sáfà).

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tó wà ní Lafẹ́nwá á ṣiṣẹ́ lórí ìwé Excel títí di ìrọ̀lẹ́, á fi pamọ́, á pa á dé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, iye owó ti tẹ́lẹ̀ ló máa bá nínú rẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́ yìí, fáìlì tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pánsẹ́kẹ́ kò dé Lafẹ́nwá mọ́ rárá.

Nínú Event Viewer (ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, oríṣi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́mbà rẹ̀), lábẹ́ DFS Replication, 4412 pọ̀ lọ jàra. 4202 àti 4204 ń tẹ̀lé ara wọn ṣáá. 2213 kan tún wà ní sáfà Lafẹ́nwá lẹ́yìn tí iná lọ lójijì. Staging (fódà tí DFSR ti ń múra fáìlì sílẹ̀ kó tó rán an) wà ní 4096 MB bó ṣe wá. Ṣé kí n yọ Lafẹ́nwá kúrò nínú ẹgbẹ́ àdàkọ kí n sì tún un fi sí i ni, àbí kí n pa database DFSR rẹ́ kó tún ara rẹ̀ kọ́?

Àgbà Sáfà:

Ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì pa database rẹ́. Tí ẹ bá yọ sáfà kan tí ẹ sì dá a padà, DFSR á bẹ̀rẹ̀ àdàkọ láti ìbẹ̀rẹ̀, sáfà tí ẹ bá fi ṣe olórí ni á sì gbà gbọ́. Fáìlì Lafẹ́nwá tó bá yàtọ̀ sí ti olórí á bọ́ sínú ConflictAndDeleted. Èyí tí olórí kò ní rárá á bọ́ sínú PreExisting. Ìṣòro yín á wá di méjì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ká gba ohun tó lọ là, torí kò tíì lọ tán. Ohun tí 4412 ń sọ ni pé sáfà rí fáìlì kan náà tí wọ́n ti yí padà ní ibi méjì, ó mú ọ̀kan, ó sì gbé èkejì lọ sí D:\Ise\DfsrPrivate\ConflictAndDeleted. Fódà náà fara pamọ́. DFSR á ti lẹ àmì gígùn mọ́ orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ àti ibi tó ti wá wà nínú ConflictAndDeletedManifest.xml. Fódà yìí kì í kọjá sí sáfà kejì, nítorí náà ibi méjèèjì ni kí ẹ ti wò ó.

Ẹ yára ṣe é. 4096 MB ni ààyè tí wọ́n fún fódà náà. Tó bá kún dé ìdá 90 nínú 100, DFSR á bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́ títí á fi wálẹ̀ sí 60. Pẹ̀lú àwòrán AutoCAD, kò ní pẹ́ kún. Ẹ kọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́, fún sáfà kọ̀ọ̀kan:

Set-DfsrMembership -GroupName "Ise" -FolderName "Ise" -ComputerName LAFENWA -ConflictAndDeletedQuotaInMB 20480

Update-DfsrConfigurationFromAD -ComputerName LAFENWA

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sí sáfà fúnra rẹ̀, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀:

Get-DfsrPreservedFiles -Path D:\Ise\DfsrPrivate\ConflictAndDeletedManifest.xml | ft path,preservedreason -auto -wrap

Kí ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ síta:

Restore-DfsrPreservedFiles -Path D:\Ise\DfsrPrivate\ConflictAndDeletedManifest.xml -RestoreToPath E:\Igbala -RestoreAllVersions -CopyFiles

-CopyFiles ṣe pàtàkì: ẹ̀dà ló máa kó jáde, ojúlówó á ṣì wà níbi tó wà. Ẹ má lo -RestoreToOrigin. Ìyẹn á dá ẹ̀dà àtijọ́ padà sínú fódà tí DFSR ń ṣọ́, rògbòdìyàn míì á sì bẹ̀rẹ̀. E:\Igbala gbọ́dọ̀ wà ní ìta D:\Ise. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni kó fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀dà méjèèjì kó sì yan èyí tó tọ̀nà. Kò sí àṣẹ tó lè ṣe ìyẹn fún un.

Ẹ̀gbá Oníwáyà:

Òótọ́ ni Àgbà sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí tí a bá gba fáìlì là lónìí tí a kò dí ihò náà, lọ́la ló tún máa sọnù.

DFSR kò lè ti fáìlì pa láti sáfà kan dé èkejì. Tí ẹnì kan bá ṣí ìwé Excel ní Pánsẹ́kẹ́, sáfà Pánsẹ́kẹ́ nìkan ló mọ̀, Lafẹ́nwá kò gbọ́. Excel máa ń dá fáìlì kékeré kan tó fi ~$ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ṣí ìwé wà. Ṣùgbọ́n asẹ́ DFSR, bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kì í jẹ́ kí ~*, *.bak àti *.tmp kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ pé «lágbájá ń lo ìwé yìí lọ́wọ́» kì í fi í yọ ní ọ́fíìsì kejì. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ yọ ~* kúrò nínú asẹ́ náà o. Inú fáìlì kékeré yẹn kọ́ ni ìtìpa gan-an wà, ọwọ́ sáfà tó ṣí ìwé ló wà.

Èkejì, fáìlì tí wọ́n ṣì ṣí sílẹ̀ tí ètò náà dì mú kì í lọ. Ìgbà tí wọ́n bá pa á dé ni DFSR tó lè gbé e. 4302 àti 4304 ló máa ń fi èyí hàn. Ẹni tó fi AutoCAD sílẹ̀ ní ṣíṣí sùn ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró sí sáfà kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ wá wo bó ṣe ń lọ. Ní 3:40 ọ̀sán, Lafẹ́nwá fi ìwé Excel pamọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin. VPN ti já. Ní 4:10, ẹnì kan ní Pánsẹ́kẹ́ ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ wọn, tó jẹ́ ti àná, ó tún nọ́mbà fóònù kan ṣe, ó fi pamọ́. VPN padà dé ní 4:30. DFSR wo aago, ó rí i pé ti 4:10 ló kẹ́yìn, ìyẹn ló sì borí. Odindi fáìlì ló ń mú, kì í pa ìlà tibí pọ̀ mọ́ ìlà tọ̀hún. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin di ohun tí wọ́n gbé sọ sínú ConflictAndDeleted nítorí nọ́mbà fóònù kan. Ohun tí wọ́n kọ́ DFSR láti ṣe gan-an nìyẹn, kò bàjẹ́.

Òfin yẹn wà fún fáìlì kan náà tí ẹni méjì yí padà. Tó bá jẹ́ fáìlì tuntun méjì ni wọ́n fún ní orúkọ kan náà, ọ̀tọ̀ ni òfin tirẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ló borí. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn orúkọ bíi «Iye owo.xlsx» tí ọ́fíìsì méjèèjì máa ń lò.

Nígbà tó jẹ́ aago ló ń dájọ́, ẹ yẹ aago wò:

w32tm /monitor

w32tm /query /status

Kerberos (ètò tí domain fi ń dá ẹni tó wọlé mọ̀) máa ń gba ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 5 láyè, nítorí náà sáfà tí aago rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yára á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, á sì máa borí nínú ìjà tí kò yẹ kó borí.

Ohun kan tún kù. Kì í ṣe gbogbo àyípadà tí ẹ rò pé ó sọnù ló sọnù. Tí ẹ kò bá kọ subnet (àwọn àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sínú Active Directory Sites and Services, Namespace lè darí ẹni tó wà ní Lafẹ́nwá sí sáfà Pánsẹ́kẹ́ lónìí, kó sì dá a padà sí ti Lafẹ́nwá lọ́la. Iṣẹ́ rẹ̀ wà, sáfà tó ń wò ló yàtọ̀. Ẹ tẹ fódà náà ní ọ̀tún, ẹ wọ Properties, ẹ wo abẹ́ DFS: ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí sáfà tí kọ̀ǹpútà náà ń lò lọ́wọ́.

Ìyá Ìbarà Tech:

Ẹ má jẹ́ ká fojú fo 2213 yẹn. Òun ló dá fáìlì tuntun dúró ní Lafẹ́nwá. Iná lọ, sáfà kú láìtì í dáadáa, DFSR rí i pé database òun kò pa dé bó ṣe yẹ, ó sì dá gbogbo àdàkọ lórí dírááfù náà dúró títí ẹnì kan á fi wá pàṣẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí Lafẹ́nwá ń kọ, ọ̀tọ̀ ni ti Pánsẹ́kẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún un tàn, wọ́n á kọlura lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aago ni á sì dá gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pàṣẹ, ẹ ní kí Lafẹ́nwá dáwọ́ kíkọ dúró, kí ẹ da gbogbo fódà náà sórí dírááfù ọ̀tọ̀:

robocopy D:\Ise F:\Ise-Lafenwa /E /B /COPYALL /R:6 /W:5 /XD DfsrPrivate /LOG:F:\lafenwa.txt

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Pánsẹ́kẹ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí 2213 náà. Àṣẹ wmic tó parí sí ResumeReplication wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́mbà dírááfù yín. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, kí ẹ sì lò ó. Ẹ dúró de 2214, òun ló ń sọ pé àtúnṣe parí.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Sáfà tó bá ti kúrò nínú àdàkọ fún ọjọ́ tó ju 60 lọ, 4012 ló máa kàn. DFSR á kọ̀ ọ́, torí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbó jù. Ẹlòmíì á ní kí ẹ fi kún iye ọjọ́ náà nínú MaxOfflineTimeInDays kó lè gbà. N kò fara mọ́ ọn. Fáìlì tí ẹ ti parẹ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn lè jí dìde.

Ní ti iná, UPS nìkan kò tó. Ẹ so wáyà USB rẹ̀ mọ́ sáfà, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó ti sáfà fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ku díẹ̀. UPS tí kò bá sáfà sọ̀rọ̀ kàn ń sún ikú òjijì síwájú ni. Ẹ tún wo bátìrì pẹlẹbẹ inú sáfà, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà ni aago á máa jí sí àkókò tí kò tọ́, ẹ sì ti rí ohun tí aago ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí sáfà bá wà nínú domain, èyí ló ń dá aago rẹ̀ padà sábẹ́ domain:

w32tm /config /syncfromflags:domhier /update

w32tm /resync

4202 àti 4204 rọrùn. Staging ti kéré jù. 4202 ní ó ti kún dé ìdá 90, 4204 ní òun ti pa ti àtijọ́ rẹ́. Tí wọ́n bá ń tẹ̀lé ara wọn ṣáá, DFSR ń pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ múra sílẹ̀ rẹ́, ó sì tún ń múra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àdàkọ á lọ́ra, bó bá sì ṣe ń lọ́ra sí i ni àyè ìkọlura ń gbòòrò. Ó kéré tán, kí Staging gba fáìlì 32 tó tóbi jù nínú fódà náà:

(Get-ChildItem D:\Ise -Recurse -File -Force | Sort-Object Length -Descending | Select-Object -First 32 | Measure-Object Length -Sum).Sum / 1MB

Iye tó bá bọ́ síta, ẹ fi kún un kí ẹ tó fi sínú -StagingPathQuotaInMB. Fún 380 GB tí àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, èmi ò ní fi í sí ìsàlẹ̀ 32768.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti kó ConflictAndDeleted jáde ní méjèèjì, mo da gbogbo fódà sórí dírááfù ọ̀tọ̀, mo sì lo àṣẹ inú 2213. 2214 ti dé. Ìwé Excel tó dá ìjà sílẹ̀ wà nínú E:\Igbala ti Pánsẹ́kẹ́, ó pé pérépéré. Aago Lafẹ́nwá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yára gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ṣe fura. Ó ti bá ti domain mu báyìí. Staging ti di 40960.

Get-DfsrBacklog (àṣẹ tó ń fi Backlog, àwọn fáìlì tí kò tíì kọjá, hàn) láti Pánsẹ́kẹ́ sí Lafẹ́nwá ń fi 100 hàn mí, kò sì yí padà láti àárọ̀. Ṣé ó ti há ni? Ìbéèrè kejì: tí mo bá fi gbogbo ènìyàn sórí sáfà Pánsẹ́kẹ́ nìkan, àwọn ayàwòrán Lafẹ́nwá á pariwo, torí VPN wa kò yára tó fún AutoCAD.

Ẹ̀gbá Oníwáyà:

Kò há. Fáìlì 100 àkọ́kọ́ ni àṣẹ yẹn máa ń tò sílẹ̀. Ẹ fi -Verbose kún un, á sọ iye tó kù gan-an:

Get-DfsrBacklog -GroupName "Ise" -FolderName "Ise" -SourceComputerName PANSEKE -DestinationComputerName LAFENWA -Verbose

Ẹ yí i padà, ẹ fi LAFENWA ṣe ibi tó ti ń bọ̀, kí ẹ wo ti ọ̀nà kejì náà. Ọ̀nà kan lè mọ́ kí èkejì ṣì kún.

Àgbà Sáfà:

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ pín fódà náà sí méjì. Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì Pánsẹ́kẹ́ ni, kó wà nínú D:\Ise-Panseke. Iṣẹ́ tí Lafẹ́nwá ni, kó wà nínú D:\Ise-Lafenwa. Fódà àdàkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Sáfà kan ṣoṣo ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ nǹkan sínú fódà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà tó wà ní sáfà kejì wà fún ìpamọ́ nìkan. Àwọn ayàwòrán Lafẹ́nwá á máa lo sáfà iwájú wọn, AutoCAD á yára, kò sì ní sí ibi méjì tí wọ́n ti lè yí fáìlì kan padà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ Pánsẹ́kẹ́ nìkan ni wọ́n á gba orí VPN.

Nínú Namespace, ẹ pa ọ̀nà kejì:

Set-DfsnFolderTarget -Path "\\ile.local\Ofiisi\Ise-Panseke" -TargetPath "\\LAFENWA\Ise-Panseke" -State Offline

Àwọn kan á ní kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ kàn fún ọ̀kan ní ipò àkọ́kọ́. Kò tó. Lọ́jọ́ tí VPN bá já, kọ̀ǹpútà á yà sí sáfà tó lè rí, wọ́n á kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ pa á pátápátá. Tí sáfà kan bá kú, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi tan èkejì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń rántí ọ̀nà àtijọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 1800. Ẹ ṣe é ní alẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n sì tún un tàn láàárọ̀.

Ìyá Ìbarà Tech:

Mo fara mọ́ ti Àgbà, mo sì máa fi kan kún un: ẹ sọ ẹ̀dà ìpamọ́ di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ nǹkan sí. Láti Windows Server 2008 R2 ni DFSR ti ní i. Nínú DFS Management, lábẹ́ Memberships, ẹ tẹ sáfà náà ní ọ̀tún kí ẹ yan Make read-only. Láìsí ìyẹn, ẹni tó bá tẹ \\LAFENWA\Ise-Panseke tààrà á ṣì lè kọ nǹkan síbẹ̀, Namespace ò ní rí i. Kí ẹ tó ṣe é, Backlog gbọ́dọ̀ di 0 ní ọ̀nà méjèèjì, torí DFSR á tún sáfà náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Kì í ṣe bákọ́ọ̀pù o. Tí ẹnì kan bá pa fáìlì rẹ́ ní Pánsẹ́kẹ́, á parẹ́ ní Lafẹ́nwá náà. Bákọ́ọ̀pù yín gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́:

Mo ti pín in, mo ti pa ọ̀nà kejì, Backlog ti di 0 sí 0. 4412 kò yọ mọ́. Ohun kan ló kù: àwọn fáìlì PDF kan láti inú ẹ̀rọ ìyàwòrán-ìwé (scanner) wa wà ní Pánsẹ́kẹ́, wọn ò sì sí ní Lafẹ́nwá. Kò sí event kankan lórí wọn.

Ẹ̀gbá Oníwáyà:

Ó jọ pé àmì Temporary wà lára wọn. DFSR kì í gbé fáìlì tó bá ní àmì yẹn, kì í sì í kà á mọ́ Backlog, ìdí nìyẹn tí 0 fi ń tàn yín. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn:

fsutil usn readdata "D:\Ise-Panseke\iwe1.pdf"

Ẹ wo ìlà File Attributes. Tí ẹ bá rí 0x120 tàbí 0x100, òun náà ni. 0x20 ló yẹ kó jẹ́. Èyí ló ń yọ àmì náà kúrò lára gbogbo wọn:

Get-ChildItem D:\Ise-Panseke -Recurse -File | ForEach-Object { if (($_.Attributes -band 0x100) -eq 0x100) { $_.Attributes = ($_.Attributes -band 0xFEFF) } }

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí fódà kékeré kan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìjẹ́ pé ẹ tún DFSR tàn. Ẹ wá wo ètò ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, torí tó bá ṣì ń lẹ àmì náà mọ́ fáìlì tuntun, ó di kí ẹ jẹ́ kó máa kó wọn sí fódà ọ̀tọ̀, kí iṣẹ́ inú Task Scheduler máa yọ àmì náà kó sì gbé wọn wọlé.

Ọmọ Pánsẹ́kẹ́:

0x120 ni. Mo ti yọ ọ́, wọ́n ti ń dé Lafẹ́nwá. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà.